Gáàsì AC ọkọ̀ mi tún ti tán: ibo ló ń gbà jò?

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ooru o. AC Corolla mi tún ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná. Wọ́n rọ gáàsì sí i ṣáájú Ọdún Àjíǹde, wọ́n tún rọ ọ́ lóṣù tó kọjá. Rìwáyà mi ní bó ṣe máa ń tán nìyẹn. Ó fi ọṣẹ ra páìpù, kò rí nǹkan kan. Ó wá ní kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó ń ti gáàsì kiri ò mú mọ́, kí n ra tòkunbọ̀. Ṣé kí n rà á?

Ọ̀gá Gáàsì
Ẹ má rà á o, Ìyá Ìbejì! Gáàsì AC kì í ṣe epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Inú páìpù ló ń yí ká. Tó bá ń tán kíá báyìí, ó ń jò ni. Tó bá sì ti kéré jù, súwíìṣì kan wà tí kì í jẹ́ kí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ mú. Kò tíì kú nìyẹn.

Òróró lèmi kọ́kọ́ máa ń wá. Òróró kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ń bá gáàsì rìn, torí náà ibi tó bá ti ń jò, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á dúdú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí kọ́ńdẹ́ńsà iwájú (ibi tí gáàsì ti ń tú ooru rẹ̀ dànù) tí òkúta títì máa ń bà, sí gbogbo ibi tí páìpù ti so pọ̀, àti ẹnu ibi tí wọ́n ń gbà rọ gáàsì. (Ìdérí kékeré ibẹ̀ yẹn, àwọn kan kì í dá a padà. Ó máa ń bí mi nínú!)

Ní ti ọṣẹ, ṣé ẹ́ńjìnnì wà lórí iná nígbà tó fi ra á? Tó bá ń ṣiṣẹ́, gáàsì inú páìpù tó máa ń tutù ò lágbára, ọṣẹ ò ní hó dáadáa. Kó pa ọkọ̀ ná. Tí gáàsì bá sì ti tán pátápátá, kí ló fẹ́ hó? Náítírójìn ni kó rọ sínú páìpù kí ọṣẹ lè hó. Kó má fi ọ́síjìn àwọn wẹ́dà ṣe é o, ọ́síjìn pẹ̀lú òróró lè bú gbàù.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Ẹ ṣé, ọ̀gá. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀ gbẹ. Àmọ́ nígbà tó ṣì ń tutù, omi máa ń kán lábẹ́ ọkọ̀.

Ọ̀gá Gáàsì
Omi yẹn ò burú, ara kúlìn kọ́ìlì tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù ló ti ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan ẹnu páìpù omi náà. Tó bá ń yọ̀ bí òróró, kúlìn kọ́ìlì inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni mo fura sí, ọṣẹ ò sì lè débẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì, kó gbé e sí ẹnu páìpù omi yẹn. Gáàsì AC tí wọ́n ń pè ní R134a wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń wọ́ sí. Lẹ́yìn àtúnṣe, kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán kí wọ́n tó rọ òmíràn. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Káyọ̀dé Àpáta
Kúlìn kọ́ìlì ni tèmi náà. Ẹ mú owó dání o, màmá. Owó iṣẹ́ àtitú dáṣíbọ́ọ̀dù ju owó kọ́ìlì fúnra rẹ̀ lọ.