Hilux dísù tí a gbé sókè, tó ń gbọ̀n tó bá fẹ́ gbéra: bí a ṣe wá ìdí rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa pickup dísù, ẹ kú ọ̀nà o. Mo ti ka ohun tí ọ̀pọ̀ yín sọ nípa ọkọ̀ tó ń gbọ̀n nínú jíà kìíní, mo sì rí i pé owó ńlá ti ń bá a lọ kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ ọkọ̀ wò. Èmi náà fẹ́ sọ tèmi, torí ohun tó fún wa lésì kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin ni ọkọ̀ mi, ẹ́ńjìnnì 3.0 D-4D tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ sí 1KD, jíà ọlọ́wọ́. Ẹrù oko ló ń kó láti ìhà Ìṣẹ́yìn wá sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko Òkè-Ògùn lásìkò òjò á mọ ìdí tí mo fi gbé e sókè. A fi ewé spring kún ti ẹ̀yìn, a gbé iwájú náà sókè kó lè bá a dọ́gba, a yọ táyà 255/70R15 tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a sì fi 265/75R16 sí i. Òkúta ò ha abẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ ò sì dá a dúró mọ́.

Àmọ́ àtìgbà náà ló ti di pé tí mo bá tú clutch sílẹ̀ tí táyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ìjókòó á máa gbọ̀n gì-gì-gì. Díńgí inú ọkọ̀ á máa jó débi pé mi ò ní rí ẹni tó wà lẹ́yìn mi dáadáa, ọ̀pá jíà á sì máa lu àtẹ́lẹwọ́ mi. Tó bá fi máa sún mọ́ 30 lórí aago, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Tó bá jẹ́ ibi tó ga bí òkè ni mo ti fẹ́ gbéra, ó tún máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní nozzle ni. Èkejì ní engine seat, ìyẹn rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, ti kú. Ẹlòmíì ní clutch ló ti jẹ tán, ká gbé gíábọ́ọ̀sì sọ̀. Mi ò sọ pé wọn ò mọṣẹ́, torí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè mú dísù gbọ̀n lóòótọ́. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìgbà tó ń gbọ̀n àti ìgbà tí kì í gbọ̀n. Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mú un dání lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀.

Bàbá kan tó ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ ló bá mi wò ó. Orí ẹ́ńjìnnì la ti bẹ̀rẹ̀. Nozzle tí kò bá fọ́n dísù dáadáa mọ́ máa ń mú ẹ́ńjìnnì gbọ̀n lórí ìdúró, kódà nígbà tí ọkọ̀ ò lọ síbì kankan. Bàbá gbé ike omi lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nínú nútírà. Ojú omi náà kàn ń mì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni. A ti mú nozzle kúrò nínú ohun tá a fura sí. Ó fa handbrake, ó ní kí n fi jíà kìíní sí i kí n sì tú clutch díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ á fi fẹ́ lọ tí kò ní lè lọ, òun ń wo ẹ́ńjìnnì láti òkè. Ẹ́ńjìnnì yí ara díẹ̀, kò fò. Engine seat náà kúrò nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ti clutch ló yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí òun ló ń jẹ owó jù. Ìgbà tí clutch bá ń yọ̀ nìkan ló lè fa irú gbígbọ̀n yìí, ìyẹn láàárín ìgbà tí ẹsẹ̀ ń kúrò lórí rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò pátápátá tí clutch sì ti di nǹkan mú, ó yẹ kó dákẹ́. Mo wa ọkọ̀ náà lórí ọ̀nà títẹ́jú nínú jíà kejì, ní nǹkan bíi 15, ẹsẹ̀ mi ò sí lórí clutch rárá. Mo tẹ tọ́tù, ó gbọ̀n. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó dákẹ́ lẹ́sẹ̀kan náà. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún gbọ̀n. Táyà tí kò balance kì í ṣe báyẹn, orí eré ńlá ni tiẹ̀ máa ń hàn, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú bóyá èèyàn ń tẹ tọ́tù tàbí kò tẹ̀ ẹ́.

Bàbá wá bi mí pé, “Tó bá ru ẹrù ńkọ́?”

Mo ní, “Bàbá, tó bá rù, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n sà. Òun ló ń yà mí lẹ́nu.”

“Propeller ni, ọmọ mi. Igun rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ lófìfo. Tí ẹrù bá tẹ spring yẹn mọ́lẹ̀, propeller á padà síbi tó yẹ kó wà.”

Propeller ni ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sẹ́yìn ọkọ̀, alápá méjì sì ni ti Hilux yìí. Apá iwájú ti ara gíábọ́ọ̀sì wá sí bearing àárín tí wọ́n dè mọ́ ṣáásí, apá ẹ̀yìn sì ti ibẹ̀ lọ sí ara differential, ìyẹn jíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Cross, ìyẹn oríkèé irin tó ń jẹ́ kí ọ̀pá lè yí lórí igun, ló wà níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ra wọn. Tí cross bá ń yí lórí igun, ohun tó ń yí lọ́wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í yí dọ́gba: ó máa ń yára lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń falẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nínú yíyí kọ̀ọ̀kan. Cross kejì ló yẹ kó gba ìyẹn padà, bí ìgbà tí ẹni méjì ń gúnyán nínú odó kan, tí ọmọ odó ọ̀kan ń lọ sókè bí ti èkejì ṣe ń bọ̀ nílẹ̀. Tí igun wọn ò bá dọ́gba mọ́, wọn á kọlu ara wọn, bearing àárín ló sì máa ń jìyà rẹ̀. Agbára dísù yìí ti ń débẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tíì yí kíákíá, agbára ìyí 343 Nm ni Toyota kọ fún ti jíà ọlọ́wọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àtigbéra ló máa ń burú.

A fi òkúta dí táyà níwá-lẹ́yìn, a fi jíà sí nútírà, a wọ abẹ́. Bàbá di cross kọ̀ọ̀kan mú, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Kò sí èyí tó ń ṣeré. Mo gbé fóònù mi lé propeller, ohun tó ń wọn ìtẹ́jú wà nínú rẹ̀. Apá iwájú fi nǹkan bíi dígírì 1 dà sẹ́yìn, apá ẹ̀yìn fi 7 dà, imú differential sì fi 2 gbójú sókè. Dígírì 6 ló wà lórí cross àárín nìkan! Àwọn tó ń ṣe propeller fẹ́ kí igun orí cross má ju 3 lọ, kí àwọn tó ń gba ara wọn padà má sì fi ju 1 lọ yàtọ̀.

Wáṣà la kọ́kọ́ tò jọ sáàárín bearing àti ṣáásí láti fi dán an wò, ó tó mílímítà 20, pẹ̀lú bóòtù tó gùn sí i. Mo gbéra lófìfo. Gbígbọ̀n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ìgbà yẹn la tó ní kí wọ́n gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ lórí lathe, a fi bóòtù líle tí wọ́n kọ 10.9 sí lórí dè é. Fún èyí tó ṣẹ́ kù, a ki irin onígun dígírì 2 sáàárín spring àti ásù láti gbé imú differential sókè. Ẹ má lo onírin álúmíníọ̀mù níbẹ̀, ó máa ń fọ́ lábẹ́ ẹrù. Ẹ tún padà mú U-bolt tó de spring mọ́ ásù le lẹ́yìn ìgbà tẹ́ ẹ bá ti rìn díẹ̀, torí ó máa ń dẹ̀. Ẹ má sì fa bearing àárín wálẹ̀ jù, igun tẹ́ ẹ mú kúrò láàárín á kàn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gíábọ́ọ̀sì ni.

Táyà ńlá náà ní tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 ga ju ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà aago máa ń kà 60 nígbà tí ọkọ̀ ti ń sáré 65, clutch sì máa ń yọ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ má máa fi jíà kejì gbéra.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Abẹ́òkúta, tiẹ̀ máa ń gbọ̀n lófìfo, ó máa ń gbọ̀n tó bá rù, ìgbà tó bá ń tú clutch nìkan ni. Síìlì ẹ̀yìn crankshaft, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, ló ń jo ọ́ìlì sórí clutch plate. Wọ́n ti pàrọ̀ plate yẹn fún un láìfọwọ́ kan síìlì, ó sì tún padà bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n tún gíábọ́ọ̀sì ṣe ni tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀: wọ́n fa propeller yọ láìsàmì sí i, wọ́n wá fi eyín rẹ̀ bọ inú ara wọn lódì, àwọn cross ò kọjú síbì kan náà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tó fa propeller yín yọ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i fúnra yín.

Ẹni tó bá gbé tiẹ̀ ga ju tèmi lọ, tó ti paarọ propeller alápá méjì sí ẹyọ kan, mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń ṣe lórí eré, pàápàá tí ọkọ̀ bá rù.