Kí ló yẹ kó wà nínú class?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin àgbà nínú ìmọ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí a ti ń kọ́ Java, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní yunifásítì. Mo lè kọ loop (àṣẹ tó ń tún iṣẹ́ kan ṣe léraléra) láìwo ìwé, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ti ní kí a kọ class tuntun, ìyẹn àwòṣe tí a fi ń dá àwọn object (nǹkan inú ètò), ọwọ́ mi á rọ, nítorí n kò mọ ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ló ṣe yé yín?

Èsì kìíní
Ẹ kọ class kan tí ẹ pè ní Akanti, ẹ fi iye owó pamọ́ sínú rẹ̀ ní private (kí kóòdù tó wà níta class má lè fọwọ́ kàn án), kí ẹ sì dá object méjì láti ara rẹ̀. Ẹ fi 500 kún ti àkọ́kọ́, kí ẹ wá tẹ iye tó wà nínú èkejì jáde: 0 ni ẹ máa rí. Class kan náà ló bí méjèèjì, síbẹ̀ kálukú ló ń tọ́jú owó tirẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ojú mi ti là. Gbogbo iṣẹ́ tó bá ń yí owó yẹn padà, inú class náà ni kó wà.

Èsì kejì
Òótọ́ ni. Ẹ má sáré sí inheritance, ìyẹn kí class kan jogún ohun tó wà nínú òmíràn nítorí pé ó jẹ́ irú rẹ̀ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wà láti ìgbà èdè kọ̀ǹpútà Simula 67, tí Dahl àti Nygaard ṣe ní Nọ́wè. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé irú ọkọ̀ kan ni ẹ́ńjìnnì, àbí ọkọ̀ ló ní ẹ́ńjìnnì? Bó bá jẹ́ pé ó ní in ni, field, ìyẹn àyè ìpamọ́ nínú class, ni kí ẹ fi ṣe.

Olùbéèrè
Mo ti dán ti Akanti wò, 0 náà ni mo rí. Ẹ ṣeun púpọ̀.