Wọ́n ti yọ àpò òróòro mi, báwo ni kí n ṣe máa jẹun?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù mẹ́ta rèé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi nítorí òkúta inú àpò òróòro. Ara ti yá, àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú, mo jẹ àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹran ọlọ́ràá méjì ní Bódìjà. N kò tíì délé tí inú fi ń rú! Ìgbẹ́ gbuuru ni, ọ̀rá sì ń léfòó lójú omi (ẹ má bínú, bó ṣe rí ni mo sọ).

Dókítà ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù (irú ọ̀rá kan tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀) ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe oje òróòro tó ń tú ọ̀rá ká wẹ́wẹ́, bí ọṣẹ ṣe ń ṣe òróró lára ìkòkò. Ìfun á wá dá bíi 95 nínú 100 rẹ̀ padà sẹ́dọ̀. Ní báyìí tí kò sí àpò tí yóò kó o pamọ́, ńṣe ló ń kán tó-tó-tó sínú ìfun tọ̀sán-tòru.

Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù mi náà ga. Àbúrò mi ní kí n máa jẹ oats, pé ó ń di òróòro mú jáde, kí ẹ̀dọ̀ lè lo kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù láti fi ṣe òmíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, ṣé ó ràn yín lọ́wọ́? Ìgbà wo ni ẹran ọlọ́ràá tún bá yín lára mu? Ìyàwó mi ti fòfin dè é nílé.