Báwo ni ayàwòrán-ilé tó ní ọ́fíìsì kékeré ṣe lè rí àyè yàwòrán?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ó di ọdún kẹta tí mo ti dá ọ́fíìsì tèmi sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́ méjì tó ń ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà, ìpè àti àbẹ̀wò sí ibi ìkọ́lé ti gba gbogbo ọ̀sán mọ́ mi lọ́wọ́, débi pé alẹ́ nìkan ni mo ń ráyè fọwọ́ kan àwòrán. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn oníbàárà máa ń yí ọkàn padà lẹ́yìn tí a bá ti parí iṣẹ́. Kí ni ẹ̀yin ń ṣe?

Èsì kìíní:
Ẹ pín iṣẹ́ sí ìpele nínú ìwé àdéhùn: àwòrán gbogbo ilé ní òṣùwọ̀n 1:100 (ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé dúró fún ọgọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà lára ilé gan-an), èyí tí bíríkìlà yóò lò ní 1:50, àti ibi tó díjú, bí àtẹ̀gùn àti fèrèsé, ní 1:20 tàbí 1:5. Kí oníbàárà fọwọ́ sí ìpele kan, kí ó sì san owó rẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Àyípadà tó bá dé lẹ́yìn ìfọwọ́sí ti di iṣẹ́ tuntun, nítorí pé bí ẹ bá sún ògiri kan péré, òpó tí ẹnjiníà ti ṣírò, páìpù omi àti wáyà iná lè yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Èsì kejì:
Òótọ́ ni. Òwúrọ̀ ni èmi fi ń yàwòrán, n kì í sì í gbé fóònù títí di ọ̀sán. Àbẹ̀wò ibi ìkọ́lé nìkan ni ẹ má ṣe dín kù, pàápàá kí wọ́n tó da kọnkéré.