Ráútà tuntun ò gbé íntánẹ́ẹ̀tì látinú módẹ́mù o, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì nilé wa, módẹ́mù fáíbà, ẹ̀rọ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, wà ní pálọ̀ nísàlẹ̀, wáìfáì ẹ̀ kì í dé yàrá àwọn ọmọ lókè dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ iléèwé wọn lórí láptọ́ọ̀pù. Mo bá lọ ra ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín wáìfáì, ní Computer Village n'Íkẹjà, ẹni tó tà á ní kí n ṣáà ti fi wáyà so ó mọ́ módẹ́mù, pé á ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀. Mo so ó, fóònù rí i, ó gba páswọ́ọ̀dù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún dẹ́múdẹ́mú, àmọ́ "Connected, no internet" ló ń kọ sí mi. Tí mo bá padà sórí wáìfáì módẹ́mù báyìí, gbogbo ẹ̀ á máa já geere. Mo ti pa méjèèjì mo ti tún wọn tàn, ibi pẹlẹbẹ náà lọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Nǹkan míì tó ń yà mí lẹ́nu, tí mo bá wà lórí wáìfáì módẹ́mù tí mo tẹ 192.168.1.1 sí bíráúsà láti ṣí ojú ìwé ètò ẹ̀rọ, ti módẹ́mù ló ń ṣí, tí mo bá wà lórí ti ráútà tí mo tẹ nọ́ńbà yẹn náà, ti ráútà ló ń ṣí. Ṣé kí n dá a padà fún wọn ni? Owó ọjà náà ò kéré o.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ẹ má tíì dá a padà mà. Ihò wo lẹ ki wáyà yẹn bọ̀ lẹ́yìn ráútà? Ọ̀kan máa ń dá yàtọ̀ níbẹ̀, wọ́n á kọ WAN tàbí Internet sí i, ibẹ̀ ni wáyà tó ń bọ̀ láti módẹ́mù gbọ́dọ̀ wọ̀. Tó bá jẹ́ ihò LAN, ìyẹn àwọn ihò yòókù tó wà fún ẹ̀rọ inú ilé, lẹ fi í sí, módẹ́mù á máa pín àdírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀, fún fóònù, ráútà náà á máa pín tiẹ̀, wàhálà nìyẹn. Ẹ tún yọ wáyà yẹn lẹ́yìn ráútà kẹ́ ẹ fi í sí láptọ́ọ̀pù tààrà, kẹ́ ẹ pa wáìfáì láptọ́ọ̀pù. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wọlé, a jẹ́ pé ara wáyà le. Tí kò bá wọlé, tí nọ́ńbà tí láptọ́ọ̀pù gbà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, a jẹ́ pé kò rí módẹ́mù rárá, ẹ wá wáyà míì. Wáyà gbàrọgùdù pọ̀ lọ́jà lóde òní, ó ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń tà á fáwọn èèyàn.

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè
Ẹ ṣé gan-an ni. Ihò WAN ló wà látìbẹ̀rẹ̀, iná ẹ̀ sì tàn. Láptọ́ọ̀pù gbé íntánẹ́ẹ̀tì látorí wáyà náà. Nínú ráútà, níbi tí wọ́n kọ WAN sí, mo rí 192.168.1.7.

Wáyà Yábàá
Ó ti hàn síta! Módẹ́mù ń jẹ́ 192.168.1.1, ráútà náà ń jẹ́ 192.168.1.1, àdírẹ́ẹ̀sì tí ráútà tún gbà lọ́wọ́ módẹ́mù, inú agbo kan náà ló wà. Àfi bí ìgbà tí ojúlé méjì bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan ládùúgbò, ẹni tó gbé ẹrù wá ò ní mọ ilé tó máa yà sí. Ráútà fẹ́ ránṣẹ́ sí módẹ́mù, ó rò pé ara òun lòún ń bá sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló pin sí. Ó bọ́ sí i fún àwọn ráútà kan tó ń yí tiwọn padà fúnra wọn tí wọ́n bá ti rí irú ẹ̀, àmọ́ gbogbo wọn kọ́ ló gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ẹ wọ inú ráútà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ LAN sí, ẹ sọ 192.168.1.1 di 192.168.2.1, ẹ séèfù. Á lé yín jáde, ẹ̀rù ò gbọdọ̀ bà yín, ẹ yọ fóònù kúrò lórí wáìfáì náà kẹ́ ẹ tún padà wọ̀ ọ́, nọ́ńbà tuntun lẹ ó máa tẹ̀ látìgbà yẹn lọ. Ìkejì lèmi fẹ́ràn jù fún ilé bíi tiyín: ẹ wá Access Point Mode nínú ráútà, ẹ tàn án. Ráútà á fi iṣẹ́ pípín àdírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ fún módẹ́mù, òun á kàn máa gbé wáìfáì dé òkè ni. Fóònù ìsàlẹ̀ á rí tẹlifíṣọ̀n òkè, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á ṣiṣẹ́ láti yàrá èyíkéyìí, àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn ò sì ní máa pariwo. Ti àkọ́kọ́ yẹn á ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ilẹ̀kùn méjì ni gbogbo nǹkan á máa gbà kọjá.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò reset tó wà lẹ́yìn módẹ́mù. Ọ̀pọ̀ módẹ́mù fáíbà ni orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ ìntánẹ́ẹ̀tì fún yín wà nínú ẹ̀, tó bá pa rẹ́, ẹ̀ẹ́ máa pe wọn lórí fóònù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ti ráútà lẹ lè tẹ̀ bó bá pọndandan.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bútè-Mẹ́ta
Wáyà Yábàá ti sọ ọ́ dáadáa. Fún àwọn míì tó ń kà á, tí módẹ́mù yín ò bá ní wáìfáì tiẹ̀, ọ̀rọ̀ tiyín lè yàtọ̀: àwọn kan máa ń di ẹ̀rọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí mú, láptọ́ọ̀pù lẹ so mọ́ ọn lánàá, ráútà lẹ so lónìí, kò dá a mọ̀. Ẹ yọ iná módẹ́mù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ tó so ráútà mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì, bí NEPA bá mú iná lọ tó sì tún dé, módẹ́mù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tàn. Ẹ dúró kí iná PON (tó ń fi hàn pé fáíbà ti wọlé) dúró ṣinṣin, kí LOS (tó ń pọ́n tí fáíbà bá já) má pọ́n, kẹ́ ẹ tó tan ráútà. Ẹ sì ṣọ́ra fún ádáptọ̀ iná módẹ́mù àti ti ráútà, ẹnu wọn lè bá ara wọn mu kí ọ̀kan jẹ́ fóltì (V) 12 kí èkejì jẹ́ 9. Ẹ ka ara ẹ̀. Fóltì gbọ́dọ̀ bára mu, ámúpù (A) lè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí i.

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè
Ó ti ṣe o! Access Point ni mo lò, àwọn ìbejì ti wà lórí ẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ ò ní rogun àìsàn o. Ìbéèrè kan ló kù, ṣé kí n fi orúkọ kan náà fún wáìfáì òkè àti tìsàlẹ̀?

Wáyà Yábàá
Bẹ́ẹ̀ ni mà, orúkọ kan, páswọ́ọ̀dù kan, fóònù fúnra ẹ̀ á máa yan èyí tó lágbára tẹ́ ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn. Àmọ́ oríṣi ìgbì wáìfáì méjì ló wà, 2.4GHz àti 5GHz. Fún 2.4GHz, ẹ fi ti módẹ́mù sí channel (ojú ọ̀nà) 1, kẹ́ ẹ fi ti ráútà sí 6 tàbí 11 kí wọ́n má baà máa dí ara wọn lọ́wọ́. 5GHz yára jù, àmọ́ ògiri bíríkì máa ń mú un, ẹni tó bá jókòó sínú yàrá kan náà pẹ̀lú ráútà nìyẹn wà fún.