Ẹrù eré tí a ti lò: ta ni kí n kó o fún?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. A parí fíìmù kan ní Adó-Èkìtì, onílé sì ní kí a kó ẹrù wa jáde kí oṣù tó parí. Pílíwúùdù mẹ́rìndínlógún, aṣọ ìjòyè, ìkòkò, òkúta tí a fi fóòmù ṣe, aṣọ ọlọ́pàá méjì àti ìbọn onígi ló kún yàrá. Ilẹ̀kùn ààfin ló ń dùn mí jù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni gbẹ́nàgbẹ́nà wa fi gbẹ́ ẹ, ó ń wo àwòrán iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ayé àtijọ́, ó sì gbẹ́ gbogbo rẹ̀, títí kan òyìnbó tí àwọn èèyàn gbé. Olùdarí ní kí n dáná sun gbogbo rẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á.

Káfíńtà, Ìkẹ́rẹ́: Má sun ún o, àbúrò! Fóòmù yẹn gan-an, má jẹ́ kó rí iná, èéfín rẹ̀ burú. Yọ gbogbo ìṣó ara pílíwúùdù, kí o sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Èyí tí ikán bá ti wọ̀, má gbé e wọ ilé ẹlòmíì.

Akẹ́kọ̀ọ́ tíátà, Ọyẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí wa ní yunifásítì Ọyẹ́. Owó àpò wa la fi ń ra pákó eré ìdánwò. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka wa, kí ẹ to ohun tí ẹ ń fún wa síbẹ̀, kí ọ̀gá wa lè fọwọ́ sí i.

Ìyá aláṣọ eré: Aṣọ ọlọ́pàá àti ìbọn kò gbọdọ̀ bá wọn lọ. Òfin ò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá máa wọ aṣọ wọn láìgba àṣẹ. Já àmì ara rẹ̀, gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. La ìbọn náà sí méjì. Lójú títì lálẹ́, ta ni yóò mọ̀ pé igi ni? Ìkòkò ńkọ́, ṣé ẹ rà á ni àbí ẹ yá a?

Olóòtú fíìmù: Ṣé ẹ ti gé fíìmù náà tán? Wọ́n ti pè wá padà rí láti ya ìran kan tún. Ọjọ́ méjì gbáko la fi wá àwo tí a ti fi ta ẹnì kan lọ́rẹ.

Tíṣà ìtàn, Ìkẹ́rẹ́: Ilẹ̀kùn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa! Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ojúlówó rẹ̀ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn Wembley ní London ní 1924, British Museum, ilé ohun àtijọ́ níbẹ̀, ló sì wà títí di òní. Captain Ambrose, aṣojú ìjọba òyìnbó nígbà náà, ni òyìnbó tí ẹ rí yẹn. Ẹnu lásán ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ kọ "àwòkọ" gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tà á bí ohun àtijọ́. Màá gbé mọ́tò wá.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. A ti gé fíìmù náà tán. Ìkòkò mẹ́ta, a yá a lọ́wọ́ ìyá àdúgbò. Mo ti gbàgbé pátápátá. Àárọ̀ ọ̀la ni màá dá a padà. Tíṣà, ẹ máa bọ̀ ní Sátidé.