Ṣé kí n sanwó fún àwọn tó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ kí n tó ta ilé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ìyá wa la fẹ́ tà. Ó ti di oṣù mẹ́ta. Àwọn èèyàn ń wá wò ó, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, a ò sì ní gbúròó wọn mọ́.

Mo ti kun ògiri, mo sì ti tún ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe. Àmọ́ pálọ̀ ti ṣófo, ohùn ń dún padà nínú ẹ̀, àpá ẹsẹ̀ àga ìyá wa ṣì wà nílẹ̀ (mi ò tiẹ̀ fẹ́ nù ún). Ẹni tó ń bá wa tà á ní ká gba àwọn tó ń kó àga, iná àti àwòrán wá láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n oṣooṣù ni wọ́n ń gbowó àga. Bí ilé ò bá tètè tà ńkọ́? Mo rò ó pé ká ṣe pálọ̀ àti yàrá kan péré, ká ya fọ́tò tuntun. Àbúrò mi ní ká kúkú yọ owó yẹn lára iye tá à ń pe ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ta ilé rí, ṣé owó yẹn máa ń padà wọlé lóòótọ́?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.